Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Mo Fi Jẹ́jẹ̀ẹ́

Ìdáàṣà, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹjọ, 1964

Ẹ̀gbọ́n mi Zéphirin,

Mo kí yín kú iṣẹ́ èbúté, mo kí yín kú ara ríro, mo kí yín kú oòrùn Dakar tí ẹ ní ó ń jó àtẹ́lẹsẹ̀ nínú bàtà. Ìyá wà ní oko Lèma. Iṣu tuntun ti ń jáde, ó ní apẹ̀rẹ̀ kan níbẹ̀ jẹ́ tiyín, àmọ́ ta ni yóò rù ú dé ọ̀dọ̀ yín? Léonard ọkọ mi náà kí yín. Òun ló fún mi ní bébà yìí láti ibùdókọ̀ ojú irin tó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ má wo àmì tó wà lórí rẹ̀.

Claudine ọmọ mi, tó jẹ́ ọmọ yín náà, wà láàyè. Mo fẹ́ kọ ìyẹn ṣáájú kí ọkàn yín má baà fò. Èéyi ló mú un fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Orí rẹ̀ gbóná débi pé omi tí mo fi ń nù ún ń gbẹ kí n tó fa ọwọ́ padà. Lọ́jọ́ kẹjọ, gìrì mú un, ọmọ oṣù mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́, ó ní kí n máa gbàdúrà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí nọ́ọ̀sì bá ti dárúkọ àdúrà, oògùn ti ń tán lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ kẹẹ̀dógún oṣù yìí bọ́ sí ọjọ́ tí àwọn èèyàn ń wá sí ihò àpáta Ìyá Màríà ní Arigbo. Mo pọ̀n ọ́n, mo wọ àárín èrò. Níwájú ihò àpáta náà, oníkálukú ń ṣèlérí ohun tó ní. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní òun á fi ẹsẹ̀ rìn wá láti Aklampa lọ́dọọdún. Èmi wo ayé mi yíká, mi ò rí nǹkan kan tó tóbi tó ọmọ yìí. Ohun tó tóbi jù nílé wa, ọwọ́ yín ni. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti sọ ọ́: "Ìyá Màríà, bí orí ọmọ mi bá lè tutù, ọwọ́ ọmọ ìyá mi kò ní kan orí ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́."

Lálẹ́ ọjọ́ náà òógùn bò ó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó béèrè ọmú.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé akànṣẹ́ ni yín. Mo mọ ibi tí akànṣẹ́ ń lù. Ẹ má bínú sí mi. Tàbí kí ẹ bínú, ṣùgbọ́n kí ẹ má lu orí ẹnikẹ́ni.

Àbúrò yín tí ẹ̀rù ń bà,
Odette


Dakar, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án, 1964

Odette,

Mo kí ọ kú ewu ọmọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀. Mo ka apá tó sọ pé ara ọmọ ti yá lẹ́ẹ̀mẹta. Apá tó kù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo kà á, mo sì ti lẹ́tà náà bọ abẹ́ ẹní kí n má baà fà á ya.

Ta ló rán ọ níṣẹ́? Tí o bá fẹ́ jẹ́jẹ̀ẹ́, ṣé o ò ní ọwọ́ tìrẹ ni? O ní ẹsẹ̀, o ní irun, o ní ọkọ. O fo gbogbo wọn dá, o wá na ọwọ́ dé Dakar láti mú tèmi! Tí èmi náà bá lọ ṣèlérí níbí pé Odette ò ní dáná mọ́, ṣé Léonard á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi?

Jẹ́ kí n sọ ohun tí o fi jẹ́jẹ̀ẹ́ náà fún ọ, torí ó jọ pé o ò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kẹrìnlélógún oṣù tó ń bọ̀, lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti Théodore, ọmọ Saint-Louis, máa pàdé. Abala mẹ́jọ la máa jà. Ẹni tó bá borí á bá ẹgbẹ́ akànṣẹ́ wa lọ jà ní Marseille nílẹ̀ Faransé ní oṣù kìíní, ẹni tó bá ṣubú á padà sídìí àpò ẹ̀pà. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ru àpò ẹ̀pà ní èbúté yìí. Mo ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Nínú iṣẹ́ tiwa, àgbà ti ń kàn mí nìyẹn. Wọn ò ní pè mí lẹ́ẹ̀kejì.

Théodore fi orí kan ga jù mí lọ. Apá rẹ̀ gùn bí apá ọ̀bọ. O wá ní kí n lọ pa ejò, kí n má fọwọ́ kan orí rẹ̀.

Mi ò ní mú ẹ̀jẹ́ náà ṣẹ. Mo ń sọ ọ́ fún ọ báyìí kí o má baà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé mo tàn ọ́. Ìwọ àti Màríà lẹ jọ sọ̀rọ̀, ẹ padà lọ yanjú ẹ̀. Má jẹ́ kí Ìyá gbọ́.

Zéphirin


Ìdáàṣà, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, 1964

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹgba tí ẹ fi lẹ́tà nà mí dùn mí, ó sì tọ́ sí mi. Ìyá bi mí pé kí lẹ wí, mo ní ẹ ní òjò ò rọ̀ ní Dakar. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo máa pa fún un láti ọjọ́ tí mo ti lọ́kọ nìyẹn.

Ẹ bi mí ìdí tí mi ò fi fi nǹkan tèmi jẹ́jẹ̀ẹ́. Mo ti rò ó láìmọye ìgbà. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù bà mí pé nǹkan tèmi ò ní tó. Kí ni mo ní? Ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì wà nínú àpótí, èkúté ti jẹ etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tiyín, gbogbo Ìdáàṣà ló mọ̀ ọ́n. Oníṣòwò aṣọ kan wà lọ́jà tó gé àwòrán yín nínú ìwé ìròyìn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè aṣọ rẹ̀, ó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé òun ló rán ṣòkòtò ìjà yín. Ohun tí èèyàn ń fi yangàn ni mo mú lọ síwájú àpáta.

Claudine ń húkọ́ láti àná. Ó lè jẹ́ eruku. Mi ò sọ pé torí lẹ́tà yín ni o. Ẹ wò ó, mo ti sọ ọ́ náà nìyẹn.

Mi ò mọ ìjà, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ṣé orí nìkan ni Théodore ní ni? Kò ní ikùn? Kò ní ìhà? Ẹ̀yin fúnra yín, nígbà tí a wà lọ́mọdé, ikùn lẹ ti máa ń gbá mi lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ẹ máa ń ní tó bá jẹ́ ojú, Ìyá á rí àpá. Tí ẹ bá lè fi ọgbọ́n yẹn bá mi jà, kí ló dé tí ẹ ò lè fi bá a jà?

Ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Tí ẹ bá ṣì ń bínú, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan péré ránṣẹ́.

Odette


Ìdáàṣà, ọjọ́ kẹẹ̀dógún oṣù kẹwàá, 1964

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, bí ẹ ò tilẹ̀ dá mi lóhùn. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin bá ti Cotonou dé ni Léonard ń tú àpò lẹ́tà wò. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa wo ojú mi nígbà tó bá mi orí.

Ikọ́ Claudine ti lọ. Ó ń di ìjókòó mú dìde, ó sì ń jókòó padà pẹ̀lú ariwo.

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún èèyàn. Mo lọ bá Eustache, olùkọ́ katikísímù. Ó ní, "Odette, ọwọ́ ta ni o ní o fi jẹ́jẹ̀ẹ́?"

"Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, sà."

"Ṣé ó dúró tì ọ́ nígbà náà?"

"Ó wà ní Dakar."

Eustache bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Bí mo bá mú adìyẹ aládùúgbò mi lọ ṣe ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ni wọ́n ń pè mí?"

Mo ní, "Olè ni, sà."

"Ó dáa. Èmi kọ́ ni mo pè ọ́ bẹ́ẹ̀ o."

Ó mú mi lọ bá mon père, àlùfáà ìjọ wa. Mon père ò rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀jẹ́ kì í de ẹni tí kò jẹ́ ẹ. Ó ní Ọlọ́run kì í ṣe ẹni tí à ń fi nǹkan dógò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wo ọmọ sàn nítorí pé ó wù Ú.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, mo tú ọwọ́ yín sílẹ̀. Ẹ lu Théodore níbi tó bá yẹ kí ẹ lù ú.

Mo mọ̀ pé telegíráàmù ló yẹ kí n fi ránṣẹ́. Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìfìwéránṣẹ́, mo padà. Ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀ máa ń ka telegíráàmù sókè kó tó tẹ̀ ẹ́, gbogbo ẹni tó tò á sì máa bá a tún un kà. Kí n tó délé, Ìyá á ti gbọ́ ohun tí mo fi ọmọ rẹ̀ ṣe. Ojú tì mí. Léonard ní ọkọ̀ òfurufú ọjọ́ Ìṣẹ́gun á gbé lẹ́tà yìí, á sì dé ọwọ́ yín kí Sátidé tó pé. Mo gbà á gbọ́ torí mo fẹ́ gbà á gbọ́.

Ẹ má rò pé inú mi ti balẹ̀. Ohun tí mon père sọ yé mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ṣì ń lọ sí orí ọmọ yìí wò bóyá ó gbóná.

Odette


Dakar, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, 1964

Odette, àbúrò mi,

Ojú òsì mi wú, kò là tán, nítorí náà tí ìlà yìí bá wọ́, fi orí jì mí. Báwo ni Claudine? Kọ ìyẹn ránṣẹ́ kí o tó ṣe ohunkóhun. Mo ti jà.

Mi ò dá ọ lóhùn torí pé èsì mi ń yí padà lójoojúmọ́. Mo ti pinnu pé mo máa lu orí rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé náà, nígbà tí wọ́n ń so okùn ìbọ̀wọ́ mi, mo wo ọwọ́ náà, mo wá rò ó pé: tí mo bá lù ú lórí, tí lẹ́tà kan wá ti Ìdáàṣà dé lẹ́yìn náà, tó ní nǹkan ti ṣe ọmọ, kí ni mo máa fi ọwọ́ yìí ṣe? Kì í ṣe pé mo gba ẹ̀jẹ́ rẹ gbọ́. Ìbéèrè yẹn ni mi ò rí ìdáhùn sí.

Mo bá wọ inú ìjà pé ikùn àti ìhà nìkan ni mo máa gbá. Abala kìn-ín-ní àti èkejì, ó dára jù bí mo ṣe rò lọ. Ẹni tó ga bíi ti Théodore ń retí kí èèyàn máa na apá sókè sí òun. Èmi tẹ̀ wọ abẹ́ apá rẹ̀, mo gbá ìhà ọ̀tún, mo gbá ìhà òsì, mo jáde. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ Dahomey ń wá nǹkan tó sọnù sílẹ̀.

Ní abala kẹta, ó mọ̀. Ọkùnrin yẹn ò gọ̀. Ó ṣàkíyèsí pé nǹkan kan ò wá sí ojú òun rí, ó bá sọ ìgúnpá méjèèjì kalẹ̀, ó fi ti ìhà rẹ̀ pa bí ẹni ti ilẹ̀kùn, ó wá ń na ọwọ́ gígùn náà sí mi lójú. Tí mo bá gbá a, egungun ìgúnpá ni mò ń gbá. Abala kẹrin, mi ò rántí púpọ̀ nínú rẹ̀ ju ìró ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo padà sí igun, mo jókòó. Ràmọ́nù tó ń kọ́ mi, Ànàgó ọmọ Pọ́bẹ̀ ni, ó ti jagun fún Faransé, ààwẹ̀ Ràmàdáánì ò sì yẹ̀ lára rẹ̀ lójú ogun. Ó da omi sí mi lórí. "Zéphirin, ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? Orí ọkùnrin yẹn ṣí sílẹ̀ bí ìkòkò tí kò ní ìdérí. Kí lo ń wò?"

Mo bá sọ fún un, gbogbo rẹ̀. Ọmọ, èéyi, àpáta, ìwọ.

Ràmọ́nù wò mí bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ́ náà ti dé ọpọlọ. Ó ní, "Nígbà wo lo fẹ́ sọ fún mi? Ní Marseille?" Aago lù.

Ní abala karùn-ún, Théodore gbá mi nímú, ẹ̀jẹ̀ dà. Inú bí mi. Mo rí ẹ̀bátí rẹ̀ tó ṣófo, gbogbo gbọ̀ngán ń pariwo pé "Orí! Orí!" Ọwọ́ ọ̀tún mi sì lọ. Odette, mi ò ní purọ́ fún ọ: ó lọ. Ó ku bí ìka mẹ́rin kó dé etí rẹ̀ tí mo fi dá a dúró. Mi ò mọ bí mo ṣe dá a dúró, ó dùn mí dé èjìká. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Théodore ti rí i tó ń bọ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì bo orí. Ikùn rẹ̀ sì wà níwájú mi báyìí, gbangba, bí agbada tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àlejò. Ó yà mí lẹ́nu débi pé mi ò tilẹ̀ gbá a.

Nígbà tí mo padà sí igun, Ràmọ́nù ti ń rẹ́rìn-ín láti òkèèrè. Ó gbá mi létí mú. "Gbọ́ mi, ìwọ ọmọ Màríà. Obìnrin yẹn ní kí o má lù ú lórí. Ṣé ó ní kí o má dẹ́rù ba orí náà?"

Mo ní rárá.

"Ṣé ó ní kí o má fi ojú wò ó?"

Mo ní rárá.

"Nígbà náà, wo orí rẹ̀ bí ẹni tí ebi ń pa. Fi èjìká ṣe bí ẹni pé ò ń bọ̀. Tó bá ti gbé ilẹ̀kùn sókè, kó o wọlé."

Bí mo ṣe jà á tán nìyẹn. Ojú mi wà lókè, ẹ̀ṣẹ́ mi wà nísàlẹ̀. Ní abala kẹfà, ó gba èjìká mi gbọ́ ní gbogbo ìgbà, mo sì gbá a ní ìhà bí ẹni ń kọ ebè. Ní ìkeje, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Mo ń rí i lójú rẹ̀ pé ó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé ṣé tòótọ́ ni tàbí ẹ̀tàn. Ọwọ́ rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, kò wà lókè, kò wà nísàlẹ̀. Ní ìkẹjọ, mo wo iwájú orí rẹ̀, mo mi èjìká ọ̀tún, ọwọ́ rẹ̀ fò sókè, mo sì fi òsì wọ ibi ẹ̀dọ̀. Ó kúnlẹ̀. Ojú rẹ̀ là, ó ń wò mí, ara rẹ̀ ló kọ̀ láti dìde. Wọ́n kà á dé mẹ́wàá.

Mò ń lọ sí Marseille, Odette.

Nǹkan kan tún wà. Ìyá Théodore máa ń wá síbi gbogbo ìjà rẹ̀. Kì í wọ inú gbọ̀ngán. Yàrá tí a ti ń múra ló máa ń jókòó sí, òun àti abọ́ omi gbígbóná tó fi iyọ̀ sí, pẹ̀lú aṣọ funfun, láti fi tọ́jú ojú ọmọ rẹ̀. Wọ́n gbé Théodore wọlé. Ìyá rẹ̀ di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó yí ojú rẹ̀ sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó wo ẹ̀yìn etí. Kò rí nǹkan kan. Ó sọ nǹkan ní èdè Wolof, Théodore rẹ́rìn-ín, ó di ìhà rẹ̀ mú, ó nawọ́ sí mi. Obìnrin náà gbé abọ́ rẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ki aṣọ bọ omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú mi. Mo ní kó fi sílẹ̀, kò gbọ́ èdè mi. Ó fara balẹ̀ nu gbogbo rẹ̀ tán.

Zéphirin

Mo ti fẹ́ lẹ èyí pa nígbà tí lẹ́tà rẹ ti ọjọ́ kẹẹ̀dógún dé. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìjà ló dé. O tú ọwọ́ mi sílẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ràmọ́nù ní kí n má wulẹ̀ kà á, ó ní kí n dá a padà síbi tó ti wá.


Ìdáàṣà, ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá, 1964

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín kú oríire, mo kí yín kú ojú wíwú, mo sì kí Ọ̀gá Ràmọ́nù. Ẹ sọ fún un pé obìnrin yẹn ní òun dúpẹ́. Orí Claudine tutù, mo kọ ìyẹn ṣáájú bí ẹ ṣe ní. Ó ti rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin láti ọ̀dọ̀ Léonard dé ọ̀dọ̀ mi, ó ṣubú sí ìkarùn-ún.

Nígbà tí mo ka ibi tí ẹ ní ọwọ́ yín lọ, mo sọ lẹ́tà náà sílẹ̀, mo sáré lọ gbọ́wọ́ lé orí ọmọ tó ń sùn. Ó jí, ó sunkún. Ìjà ti parí láti ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù tó kọjá, mon père sì ti sọ̀rọ̀ tirẹ̀, síbẹ̀ mo sáré. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn, mi ò lè pa á mọ́ fún yín.

Lẹ́yìn náà mo gbé gbogbo lẹ́tà lọ bá Ìyá, mo kà wọ́n fún un, tiyín àti ẹ̀dà tèmi tí mo kọ pamọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń bó ẹ̀gẹ́, ó ń bó o lọ. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀jẹ́, ọ̀bẹ dúró. Ó ní, "O mú ọwọ́ ọmọ mi, o ò bi mí?" Mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Máa kà á lọ, olè." Mo kà á lọ. Nígbà tí mo dé ibi obìnrin tó gbé abọ́ omi, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó sọ pé, "Èmi ni ìbá wà níbẹ̀ láti nu ojú yẹn. Ó bá mi nù ún."

Mo ti padà sí Arigbo. Mo dúró síbi tí mo dúró sí lọ́jọ́ náà, mo dá ọwọ́ yín padà fún yín, mo sì fi tèmi rọ́pò rẹ̀: gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo máa gbá ewé kúrò níwájú àpáta náà. Ó kéré. Tèmi ni ṣá.

Ẹni tí ẹ máa bá jà ní Marseille, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jà bí iṣẹ́ yín bá ṣe ní kí ẹ jà. Mo máa gbàdúrà fún yín, mi ò ní ṣèlérí ohun tí kì í ṣe tèmi.

Àmọ́ Ìyá ní iṣẹ́ kan wà tí ẹ máa jẹ́ fún òun kí ẹ tó wọkọ̀. Ó ní kí ẹ lọ kí obìnrin yẹn nílé, kí ẹ mú ẹni tó gbọ́ Wolof dání, kí ẹ sì bi í ní orúkọ rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Ó ní òun ò lè máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí òun ò mọ orúkọ rẹ̀.

Odette